Ilé Là Ń Wò: Bí Sẹ́ẹ̀lì Orísun Ṣe Ń Bá Àdúgbò Rẹ̀ Sọ̀rọ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba

Ìfáárà

 

Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré, mùdùnmúdùn inú eegun àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ń pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa tó tó mílíọ̀nù 2. Ní wákàtí 24, ó ti ń sún mọ́ bílíọ̀nù 200. Sẹ́ẹ̀lì pupa kọ̀ọ̀kan á lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, á gbó, ara á kó o kúrò, òmíràn á sì ti wà nílẹ̀ tí yóò rọ́pò rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan tó ṣọ̀wọ́n gan-an ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá. Bí ẹ bá ka sẹ́ẹ̀lì 10,000 nínú mùdùnmúdùn, agbára káká lẹ fi máa rí ẹyọ kan. Òun ni mo ń pè ní sẹ́ẹ̀lì orísun. Òun náà ni àwọn dókítà ń pè ní stem cell.

Iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń bí irú ara rẹ̀, kí ìran rẹ̀ má baà parẹ́. Ó tún ń bí ọmọ tó máa lọ kọ́ṣẹ́: òmíràn á di sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri, òmíràn á di sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àìsàn jà, òmíràn á di èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bí a bá fara pa. Bó bá ń bí irú ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, jẹjẹrẹ lè ti ibẹ̀ yọjú. Bí gbogbo ọmọ rẹ̀ bá sì lọ kọ́ṣẹ́ tán pátá, orísun gbẹ nìyẹn. Ta ló wá ń bá a mú iṣẹ́ méjèèjì dọ́gba? Ta ló ń sọ fún un pé ó tó àsìkò àtibímọ, pé ó tó àsìkò oorun, pé kó dúró síbi tó wà?

Ìdáhùn tí mo gbé wá ni pé sẹ́ẹ̀lì orísun kì í dá ìpinnu ṣe. Àwọn tó yí i ká ló ń bá a sọ̀rọ̀, òun náà sì ń fèsì. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó ti lé ní 60 ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń tú iṣu ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, ohun tí wọ́n sì ń bá bọ̀ ni pé ara wa náà máa ń wo ilé kó tó sọ sẹ́ẹ̀lì lórúkọ.

Àbá Schofield àti oríṣi eku méjì

Ní 1961, ní ìlú Toronto lórílẹ̀-èdè Kánádà, James Till àti Ernest McCulloch fi ìtànṣán olóró pa mùdùnmúdùn àwọn eku kan run, wọ́n wá fa mùdùnmúdùn eku tí ara rẹ̀ le sí wọn lára. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n rí àwọn kókó kéékèèké lára ẹ̀yà ara kan tó wà lápá òsì lábẹ́ egungun ìhà, èyí tó máa ń wú lára ọmọ tí ibà ń bá fà á lemọ́lemọ́. Wọ́n tọpa kókó kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bí gbogbo èyí tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rí tó fìdí múlẹ̀ nìyẹn pé sẹ́ẹ̀lì kan lè bí odindi agbo ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan kò bára mu. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá gbà látinú àwọn kókó yìí kì í lágbára tó èyí tí wọ́n bá fà tààrà láti inú eegun. Bí wọ́n bá tún gbé e fún eku mìíràn, kì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀ ẹ́. Ní 1978, Ray Schofield, tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá àbá kan. Ó ní ibi tí sẹ́ẹ̀lì náà ń gbé ló ń jẹ́ kó máa jẹ́ orísun. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀, kò ní dàgbà di nǹkan mìíràn. Bó bá bímọ tí ọmọ náà kò rí ààyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ náà á bọ́ síta, á sì lọ kọ́ṣẹ́. Bí ààyè kan bá sì ṣófo, ọmọ tó bá tètè bọ́ síbẹ̀ lè di orísun bí ìyá rẹ̀.

Lójú tèmi, ẹ̀rí tó lágbára jù fún ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ kí Schofield tó sọ ọ́. Lára oríṣi eku méjì ló wà, wọ́n ń pe ọ̀kan ní W, wọ́n ń pe èkejì ní Steel. Ẹ gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ síwájú mi, n kò ní lè sọ èwo ni èwo: irun wọn funfun báláú, ojú wọn dúdú, ẹ̀jẹ̀ kò sì tó lára èyíkéyìí nínú wọn. Elizabeth Russell, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí irú àwọn eku bẹ́ẹ̀ ní Jackson Laboratory ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó bá àwọn ará Toronto ṣe àyẹ̀wò wọn, tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1965.

Ẹ fara balẹ̀ bá mi wo ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n fún eku W ní mùdùnmúdùn eku tí ara rẹ̀ dá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Wọ́n fún eku Steel ní irú mùdùnmúdùn kan náà, kò sí ìyípadà. Wọ́n wá gba mùdùnmúdùn lára eku Steel fúnra rẹ̀, aláìsàn yẹn, wọ́n fún eku W: eku W gbádùn! A jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe sẹ́ẹ̀lì eku Steel. Ibi tí wọ́n ń gbé ni kò gbà wọ́n. Ti eku W sì rèé, ilé dára, sẹ́ẹ̀lì ló lábùkù.

Ní 1990 ni ìdí rẹ̀ hàn kedere. Jíìnì tó bàjẹ́ lára eku Steel ló ń ṣe pùrótéènì kan tí àdúgbò fi ń ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì orísun. Jíìnì tó bàjẹ́ lára eku W ló ń ṣe ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba iṣẹ́ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní c-Kit. Àdúgbò eku Steel yadi. Sẹ́ẹ̀lì eku W dití. Àìsàn kan náà ló sì hàn sójú.

Ohun tí eṣinṣin kọ́ wa

Inú eegun ṣókùnkùn, ó sì há. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí sẹ́ẹ̀lì orísun àti ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ papọ̀ nínú rẹ̀. Ara àwọn eṣinṣin wínníwínní tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ òyìnbó tó ti pọ́n jù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i yanjú. Ting Xie àti Allan Spradling, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 2000.

Nínú ilé ẹyin eṣinṣin yìí, àwọn ọ̀pá tín-ín-rín kan wà. Ní ṣóńṣó orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ jókòó bí ìdérí, sẹ́ẹ̀lì orísun méjì tàbí mẹ́ta sì lẹ̀ mọ́ wọn típẹ́típẹ́. Àwọn tó wà lórí yìí ń rán iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Dpp. Iṣẹ́ náà kò rìn jìnnà. Kò ju ìwọ̀n ìbú sẹ́ẹ̀lì kan lọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa jíìnì kan tó ń jẹ́ bam lẹ́nu mọ́, bam yìí ló sì máa ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹyin. Bí sẹ́ẹ̀lì orísun bá wá pín sí méjì, ọ̀kan á ṣì fara kan ìdérí, ìkejì á bọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Èyí tó fara kan ìdérí gbọ́ iṣẹ́, ó dúró bí orísun. Èyí tó bọ́ sẹ́yìn kò gbọ́ mọ́, bam jí nínú rẹ̀, ó kọrí sí ọ̀nà ẹyin. Ìṣísẹ̀ kan péré ló pààlà sáàárín àyànmọ́ ọmọ ìyá méjì.

Xie àti Spradling tún rí ohun kan tó jọ ọ̀rọ̀ Schofield bí ìbejì. Bí ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì orísun bá sọnù, aládùúgbò rẹ̀ á yí bó ṣe ń pín padà, kí ọmọ rẹ̀ méjèèjì lè fara kan ìdérí. Ààyè tó ṣófo kún padà, ọmọ tó yẹ kó lọ di ẹyin sì di orísun.

Ẹ má ṣe rò pé sẹ́ẹ̀lì orísun kàn jókòó tẹ́tí ni o. Ní 2015, Mayu Inaba, Michael Buszczak àti Yukiko Yamashita ṣàkíyèsí akọ eṣinṣin kan náà, wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì orísun tó ń bí àtọ̀ máa ń na okùn tín-ín-rín kan láti ara rẹ̀, á tì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń ránṣẹ́ sí i, ibẹ̀ ni yóò sì ti gba iṣẹ́ náà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló lọ bá ọ̀rọ̀ nílé.

Ọmọ tó di aládùúgbò ìyá rẹ̀

Ìfun wa tún fi ọ̀nà mìíràn hàn. Awọ tó tẹ́ inú ìfun kékeré kì í lò ju ọjọ́ 3 sí 5 lọ kó tó di tuntun. Ilé iṣẹ́ ìwádìí Hans Clevers ní ìlú Utrecht, ní Netherlands, fi hàn ní 2007 pé sẹ́ẹ̀lì orísun ìfun wà nísàlẹ̀ àwọn kòtò wẹ́wẹ́ tó wà lára awọ náà. Sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní Paneth há sáàárín wọn, ọ̀kan bọ́ sí ìhín, ọ̀kan bọ́ sí ọ̀hún. Tẹ́lẹ̀, ohun tí a mọ̀ mọ́ Paneth ni pé ó ń pa kòkòrò inú ìfun. Ní 2011, wọ́n rí i pé ó tún ń rán iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì orísun nílò kó tó lè máa wà láàyè. Bí wọ́n bá kó sẹ́ẹ̀lì orísun nìkan sínú àwo, díẹ̀ nínú wọn ló ń rúwé. Bí wọ́n bá kó wọn pọ̀ mọ́ Paneth, wọ́n á gbilẹ̀ dáadáa.

Ta ni ìyá Paneth? Sẹ́ẹ̀lì orísun yẹn kan náà ni. Ó bímọ, ọmọ dàgbà, ọmọ wá di ẹni tó ń tọ́jú ìyá. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àdúgbò ni ọ̀gá, sẹ́ẹ̀lì ni ẹrú. Àwọn méjèèjì ló ń ṣe ara wọn.

Kì í sì í ṣe pùrótéènì nìkan ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ní 2006, Adam Engler àti Dennis Discher ní Yunifásítì Pennsylvania kó irú sẹ́ẹ̀lì kan náà sórí ibùsùn tí líle wọn yàtọ̀, wọ́n sì fún gbogbo wọn ní oúnjẹ kan náà. Àwọn tó wà lórí èyí tó rọ̀ bí ọpọlọ ń fara jọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Àwọn tó wà lórí èyí tó le bí ẹran ara ń fara jọ ẹran ara. Àwọn tó wà lórí èyí tó le jù ń fara jọ eegun. Bí ilẹ̀ ṣe le tó lábẹ́ sẹ́ẹ̀lì náà jẹ́ iṣẹ́ tó ń gbọ́.

Nínú eegun gan-an

Mùdùnmúdùn tí à ń fà mu nínú eegun ẹran, ìlú ńlá ni. Sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun wà níbẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀rá wà níbẹ̀, iṣan ìmọ̀lára náà dé ibẹ̀. Ta wá ni aládùúgbò gidi? Ní 2003, ikọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà nínú ìwé ìròyìn Nature, wọ́n ní bí sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun bá pọ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì orísun ẹ̀jẹ̀ náà ń pọ̀ sí i. Nígbà tó di 2012, Lei Ding àti Sean Morrison wá ẹni tó ń rán iṣẹ́ tí eku Steel kò lè rán yẹn kàn. Wọ́n bá a lọ́dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ àti àwọn tó rọ̀gbà yí iṣan náà ká. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé: ọ̀pọ̀ ló ń dá sí i, àwọn onímọ̀ sì ń bá àríyànjiyàn náà lọ.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ di orúkọ rẹ̀ mú, nítorí ìwòsàn tí mò ń bọ̀ wá sọ. CXCL12 ni. Àdúgbò ló ń rán an. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì orísun fi ń gbọ́ ọ ni CXCR4. Ìtumọ̀ iṣẹ́ náà kò ju pé: máa bọ̀ níbí, kí o sì dúró. Ní 2008, ikọ̀ Paul Frenette ní New York fi hàn lára eku pé iṣan ìmọ̀lára máa ń mú kí iṣẹ́ yìí dín kù ní àsìkò kan pàtó nínú wákàtí 24. Nígbà náà, ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì orísun á jáde sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á rìn káàkiri. Àní, mímọ́ ilẹ̀ àti ṣíṣú ilẹ̀ ń dé inú eegun.

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ tó ní àìsàn yìí, ìyẹn ọmọ SS, nílé, ọ̀dọ̀ yín ni mo dé yìí. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó gba jíìnì àìsàn yìí láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo. Ibi kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú jíìnì ọmọ SS, àṣìṣe yẹn ló sì ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé, kó máa há sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké. Dípò 120 ọjọ́, ọjọ́ 10 sí 20 ni sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń lò, nítorí náà mùdùnmúdùn ọmọ náà kì í sinmi.

Ìwòsàn tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni pé kí a gba mùdùnmúdùn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ara rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. E. Donnall Thomas, tó wà lára àwọn tó la ọ̀nà gbígbé mùdùnmúdùn fún aláìsàn, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1990. Ní Nàìjíríà, wọ́n ti ṣe é fún aláìsàn SS ní 2011 nílé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Benin. Ọ̀pọ̀ rò pé ńṣe ni dókítà ń lu eegun láti kó sẹ́ẹ̀lì tuntun sínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú iṣan ni wọ́n ń gbà fà á sára, bí ìgbà tí a fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Sẹ́ẹ̀lì á bá ẹ̀jẹ̀ rìn, á gbọ́ CXCL12, á sì yà sínú eegun fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí ìpè yẹn, kò sí ìwòsàn.

Àmọ́ ilé tí ènìyàn kún kò gba àlejò. Kí sẹ́ẹ̀lì tuntun tó dé, oògùn líle bíi busulfan gbọ́dọ̀ kó àwọn ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Oògùn yìí lè fa àìlèbímọ, ó sì ń sọ aláìsàn di ẹni tí kòkòrò lásán lè gbé ṣánlẹ̀ títí tí ẹ̀jẹ̀ tuntun á fi jáde.

Ní November 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwòsàn tó ń jẹ́ Casgevy. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní December. Victoria Gray, ará ìpínlẹ̀ Mississippi, ti gbà á nígbà ìdánwò ní 2019. Nínú ti Casgevy, sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe, kí ó lè padà máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń lò, èyí tí kì í tẹ̀ bíi dòjé. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń rí sẹ́ẹ̀lì orísun kó jáde? Oògùn tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó fẹ́ fi sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tọrẹ, G-CSF, léwu fún ẹni SS. Ó lè dá ìrora burúkú sílẹ̀. Plerixafor ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀. Ó ń di CXCR4 pa. Sẹ́ẹ̀lì kò gbọ́ ìpè "dúró" mọ́, láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti jáde sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ á sì gbà á. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tún un ṣe, wọ́n á dá a padà sára, ìpè kan náà á sì fà á wọlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ àárín sẹ́ẹ̀lì àti àdúgbò rẹ̀ ni wọ́n ń darí.

Nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, iye tí wọ́n kọ sí i níbẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là. Ní 2025, ètò ìlera NHS ní England gbà láti máa fún àwọn aláìsàn kan ní ìwòsàn náà, àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún sì lè wà lára wọn. Fún ẹni tó wà níbí, owó yẹn kọjá àfẹnusọ. Ibi tí mo ti ń rí ìrètí ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wá bí a ṣe lè pèsè ààyè nínú eegun láìlo oògùn olóró. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Stanford fi hàn lára eku pé a lè lo ohun ìjà ara tó ń ṣọdẹ c-Kit nìkan láti kó sẹ́ẹ̀lì orísun àtijọ́ kúrò, kí tuntun sì wọlé. Ẹ rántí c-Kit: ohun tó bàjẹ́ lára eku W ni. Ìwádìí irú ọ̀nà yìí ti dé ọ̀dọ̀ ènìyàn.

Stem cell inú ìgò

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. Wọ́n ń ta kápúsù àti omi inú ìgò fún àwọn èèyàn wa, wọ́n ní stem cell ló wà nínú rẹ̀, pé ó ń wo àtọ̀gbẹ, rọpárọsẹ̀ àti SS. Òmíràn, ara èso ni wọ́n ní àwọn ti yọ ọ́. Ẹni tó bá ti bá mi bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti mọ ohun tí màá sọ. Ohun tí a bá gbé mì, inú ikùn ni yóò ti dà bí ẹ̀wà àti iṣu. Ká ní odindi sẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ la inú ikùn já, sẹ́ẹ̀lì èso kò ní ohun tí yóò fi gbọ́ èdè eegun ọmọ ènìyàn. Bí sẹ́ẹ̀lì eku tó jẹ́ eku tí ara rẹ̀ le kò bá lè wo eku Steel sàn, kí ni ti èso?

Bákan náà ni ti ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́. Ní 2005, ikọ̀ kan ní Stanford so eku arúgbó pọ̀ mọ́ eku ọ̀dọ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè máa kọjá síra, sẹ́ẹ̀lì orísun inú ẹran ara arúgbó náà sì sọjí. Ẹ̀kọ́ ńlá ni pé àdúgbò tó gbó lè mú sẹ́ẹ̀lì dákẹ́. Àwọn oníṣòwò wá sọ ọ́ di ọjà, wọ́n ń ta omi ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́, títí tí àjọ FDA ní Amẹ́ríkà fi kìlọ̀ fáráyé ní 2019 pé kò sí ẹ̀rí pé ó ń wo àìsàn kankan.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ta ìwòsàn sẹ́ẹ̀lì orísun fún yín, ẹ bi í níbi tí sẹ́ẹ̀lì náà máa gbé, ẹ bi í ẹni tó pèsè ààyè sílẹ̀ dè é àti ohun tó lò. Dókítà gidi á dáhùn láìbínú, nítorí pé apá tó le jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń tún jíìnì ṣe ti pọ̀ lágbàáyé. Àwọn tó mọ bí mùdùnmúdùn ọmọ SS ṣe rí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí kò ti sinmi kò tíì pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ni àwọn aláìsàn náà pọ̀ sí jù. Iṣẹ́ wa nìyẹn, àwa ló sì kàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ra, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kí ẹ tó dájọ́ ìgbéyàwó. Owó rẹ̀ kò tó owó aṣọ ẹbí.